Ìbọ̀wọ́ Malachy Tierney

Nígbà tí mo fẹ́ Malachy Tierney, ọwọ́ rẹ̀ dà bí gbòǹgbò igi tí màlúù ti ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún ti ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọmọ tí wọ́n bá wí níwájú àlejò. Àtàǹpàkò òsì kì í tẹ̀ mọ́. Èékánná mẹ́ta dúdú bí èédú, ìkẹrin ti bá tirẹ̀ lọ. Ẹ má bi mí pé kí ni mo rí tí mo fi gbà. Ọmọ ogún ọdún ni mí, ìdí mi ṣì dúró níbi tí Ọlọ́run gbé e sí, orí mi ṣófo bí garawa, gbogbo ìlú Troy, níbí ní Amẹ́ríkà, sì ń pariwo orúkọ ọkùnrin náà ní gbogbo Sátidé. Ariwo yẹn ni mo fẹ́. Ọkùnrin náà kàn tẹ̀ lé ariwo wọlé ni.

Bésíbọ́ọ̀lù ló fi ń jẹun. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, tó ń yọ́ irin níbi tí wọ́n ti ń ṣe sítóòfù, ó yọ páìpù kúrò lẹ́nu.

"Wọ́n ń sanwó fún un kó máa ṣeré?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Tó bá wá sùn ńkọ́? Ṣé wọ́n á fi èènì sí i?"

Bẹ́ẹ̀, eré kọ́. Alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wa, Malachy sì ni ahánbọ́ọ̀lù wọn. Ajubọ́ọ̀lù á ju bọ́ọ̀lù, alátakò tó di igi mú á fi gbogbo agbára gbá a. Èyí tí igi bá tàsé, tàbí èyí tó kàn ha igi lára tó sì yí ọ̀nà padà, ọkọ mi tó lóṣòó sẹ́yìn igi ló gbọ́dọ̀ hán an kó tó balẹ̀. Ọwọ́ lásán ló fi ń hán an. Lónìí, àwọn ọmọ yín á wọ ìbọ̀wọ́ tó tóbi bí ìrọ̀rí, wọ́n á fi wáyà bo ẹnu bí ajá tó ń bu ni jẹ, wọ́n á tún so pákó mọ́ ojúgun. Ní ọdún 1878, ìka mẹ́wàá ni Malachy ní, àti ègé rọ́bà kan tó ń fi eyín há kí eyín má baà tú dà sílẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ kò sì gùn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá lè hán mọ́, kó máa lọ sílé, kò sí owó, kò sí ẹ kú iṣẹ́. Ọwọ́ méjèèjì yẹn ni oko wa, ọwọ́ yẹn ni ilé wa. Ní ìrọ̀lẹ́, bí àgbẹ̀ ṣe ń wo ojú ọ̀run ni mo ṣe máa ń wo ìka ọkọ mi.

Mo máa ń rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ kí awọ rẹ̀ lè yi. Omi iyọ̀ tí mo fi ń rẹ ẹran màlúù náà ni, mi ò ní omíràn. Nítorí náà, ọdún méjì gbáko ni mo fi sùn ti ọkùnrin tó ń rùn bí ọbẹ̀ Sunday. Nígbà mìíràn tó bá fà mí mọ́ra, ìfẹ́ kọ́ ló ń gbé mi, ebi ni.

Ẹ̀yin lè ní kí ló dé tí kò wọ ìbọ̀wọ́. Ta ni wọ́n bí dáadáa? Ọkùnrin kan wọ̀ ọ́ nílùú Albany, Màdáámù ni wọ́n ń pè é títí tó fi kó ẹrù rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Àwọn tó ń wá wòran ní ìlú wa, iná ìléru ń jó ọwọ́ wọn láti Monday títí di ọ̀sán Sátidé. Wọn ò ní fojú ire wo ọkùnrin tó ń di ọwọ́ tirẹ̀ bí ẹyin.

Ọ̀rẹ́ kan wà, Dinny Roach. Òun ni ajubọ́ọ̀lù. Abúlé kan náà ni òun àti Malachy ti wá ní Clare, nílẹ̀ àwọn baba wa lókè òkun, ọkọ̀ ojú omi kan náà ló gbé wọn wá, òun ló sì dúró ti Malachy lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, tó mutí yó tó sì fẹnu ko Fádà lẹ́nu dípò ìyàwó. Ní ìgbà ìrúwé ọdún yẹn, Dinny kọ́ bí a ṣe ń ju bọ́ọ̀lù kó máa yí ọ̀nà padà lójú òfurufú. Àwọn onígi kò rí i gbá mọ́. Ìlú yọ̀. Àmọ́ èyí tí onígi kò rí gbá, ta ló ń fi ọwọ́ gbà á? Malachy délé lọ́jọ́ kan, kò lè di ṣíbí mú. Mo ń fi ọ̀dùnkún bọ́ ọ lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́, ó sì ń wo àwọn ìka rẹ̀ lórí tábìlì bí ẹni ń wo ẹrù ẹlòmíràn.

"Delia," ó ní, "ó ku mélòó?"

Ọjọ́ yẹn ni mo rán ìbọ̀wọ́ náà. Ilé ìfọṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kọ́là ọkùnrin, irú èyí tí wọ́n ń yọ lára ẹ̀wù, ni à ń lọ̀ níbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ́là funfun tó le bí pátákó. Mo gé awọ àgbọ̀nrín láti ara aṣọ awọ tí bàbá mi fi ń ṣiṣẹ́ nígbà kan, mo rẹ ẹ́ sínú tíì títí tó fi rí bí awọ ara wa nígbà ooru, mo gé orí àwọn ìka rẹ̀ kúrò, mo sì fi kọ́là méje tẹ́ inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Jíjí ni mo jí àwọn kọ́là náà. Inú kọ́sẹ́ẹ̀tì mi ni mo fi gbé wọn jáde, gbogbo ènìyàn sì ń kí mi pé àyà mi ti ń yọ. Tí ẹ bá dúró ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí Malachy, ẹ ò lè mọ̀ pé ó wọ nǹkan kan.

Dídún rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Bọ́ọ̀lù tó bá bá ọwọ́ lásán máa ń dún *pàá*. Ti ìbọ̀wọ́ ń dún *gbì*, bí ẹni fi ẹsẹ̀ lu àpò ìyẹ̀fun. Dinny ló wá ọgbọ́n sí i. Bó bá ti fẹ́ jù ú, á kígbe "hẹ̀ẹ́!" bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ nírù, igbe náà á sì bo dídún mọ́lẹ̀. Àwọn èrò rò pé agbára ló ń bẹ lára rẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ọwọ́ lé rosárì ìyá Malachy, a búra pé a ò ní sọ ọ́ fún ẹ̀dá kankan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi pa ìbúra náà mọ́. Ẹ yìn mí. N kò tíì gbìyànjú tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ilé ìfọṣọ wa gbóná bí ẹnu ààrò. Ogójì obìnrin, ogójì áyọ́ọ̀nù, a ká apá aṣọ sókè, a tú bọ́tìnnì títí dé ibi tí Fádà kò gbọdọ̀ mọ̀. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Kit Quill ni tábìlì rẹ̀ kángun sí tèmi, tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, ó sì mú bẹ́ẹ̀. Ní Thursday kan, ó gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ sókè.

"Ìyàwó Tierney, jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ọwọ́ ọkọ ẹ tó rí bí ata-ilẹ̀ yẹn, tó bá fi kàn ẹ́ lára, ṣé ó tiẹ̀ ń mọ ibi tó wà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí sítáàṣì fi dànù.

"Kò lè mọ̀," ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn. "Ńṣe lọ́kùnrin yẹn á lóṣòó, á máa retí kí nǹkan fò wá bá òun!"

"Barney tèmi ò lókìkí," Kit ní, "ṣùgbọ́n ìka ẹ̀ pé mẹ́wàá, gbogbo wọn ló sì ń lọ síbi iṣẹ́."

Mo lè rẹ́rìn-ín kí n sì tẹ̀ síwájú. Obìnrin tó gbọ́n ìbá ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ibùsùn mi ni wọ́n gbé lulẹ̀ yẹn, mo sì jẹ́ ọmọ ogún ọdún ó lé méjì. Mo fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin tí ọkọ yín ń fi ọwọ́ eléèépá wọn ha yín lára bí ẹni ń fọ ìkòkò! Ọwọ́ Malachy ti rọ̀ bí ìdí ọmọ tuntun, láti ìgbà tó ti ń wọ ìbọ̀wọ́ tí èmi Delia fi ọwọ́ ara mi rán fún un!"

Ogójì áyọ́ọ̀nù dúró. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo gbọ́ ìró omi tó ń hó.

"Ìbọ̀wọ́ wo?" Kit ní.

"Àwàdà ni," mo ní.

Ẹyin lohùn. Tèmi kò tilẹ̀ bọ́ o, èmi ni mo gbé e sókè tí mo sọ ọ́ mọ́ ògiri.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí, mo wọ fìlà aláwọ̀ búlúù mi. Malachy lóṣòó sẹ́yìn igi, ó fi rọ́bà sẹ́nu. Dinny gbé apá. Kó tó jù ú, nǹkan funfun kan fò láti àárín èrò, ó balẹ̀ níwájú ọkọ mi. Ìbọ̀wọ́ obìnrin ni, irú èyí tí à ń wọ̀ lọ sí Máàsì. Òmíràn tẹ̀ lé e, dúdú, ti ọ̀fọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí ewé ìgbà ìwọ́wé, gbogbo ìyàwó tó wà ní ìlú ni ọkọ rẹ̀ ti tú àpótí rẹ̀.

"Màdáámù! Màdáámù Tierney!"

"Ẹ kú aṣọ o, Màdáámù! Ẹ bá a mú agboòrùn wá!"

"Ẹ rọra jù ú, ó lóyún!"

Barney Quill, ọkọ Kit, gun orí àga níwájú pátápátá, ó fi ọwọ́ méjì kárí ẹnu. "Malachy! Wọ́n ní ọwọ́ ẹ ti rọ̀ bí ìdí ọmọ tuntun! Jẹ́ ká fọwọ́ kàn án!"

Ọ̀rọ̀ mi nìyẹn, kò yọ ẹyọ kan. Mo fa fìlà mi wálẹ̀ dé imú. Malachy yí ojú sí ibi tí mo jókòó. Lẹ́yìn náà ó yí i sí Dinny. Mo sọ fún ara mi pé ariwo ti pọ̀ jù, kò lè gbọ́.

Kápítèènì Lansing, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́, rìn jáde lọ bá a, ó na ọwọ́.

"Tierney, kí lèyí?"

"Awọ ni, Kápítèènì."

"Mo rí i pé awọ ni. Awọ obìnrin wo?" Ó fi ìka méjì gbé ìbọ̀wọ́ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gbé òkú eku, ó gbé e sókè kí gbogbo èrò rí i, ó sì jù ú sínú eruku. "Ọkùnrin ni mo kó jọ. Ẹ hán bọ́ọ̀lù, tàbí kí ẹ lọ jókòó ti ìyàwó yín."

Dinny sún mọ́ ọn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ fún mi lẹ́yìn náà.

"Malachy, màá rọra máa jù ú."

"Jù ú bó o ṣe ń jù ú."

"Ọwọ́ ẹ á ya, ọ̀rẹ́ mi."

"Dinny, èèyàn mélòó ló mọ̀ nípa ìbọ̀wọ́ yìí?"

Dinny ń yí bọ́ọ̀lù náà lọ́wọ́.

"Padà síbi iṣẹ́ ẹ. Tó o bá rọra jù ú, màá sọ fún wọn pé ojo ni ẹ́. Jù ú!"

Dinny wá jù ú. Kò kígbe mọ́, kò sí ohun tó fẹ́ bò mọ́lẹ̀. *Pàá. Pàá.* Títí di ìpele karùn-ún nínú mẹ́sàn-án tí eré náà ní ni wọ́n ń kọrin Màdáámù. Ní ìpele keje, bọ́ọ̀lù ha orí igi, ó yà bàrá, ó sì bá ìka kẹrin ọwọ́ ọ̀tún Malachy ní orí gan-an. Ìka náà là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Láti ibi tí mo wà ni mo ti rí eegun, ó funfun bí kọ́là tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Kò jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́.

Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nígbà náà. Nígbà tó di ìpele kẹjọ, ó ti pupa fòò. Alátakò tó di igi mú yíjú sẹ́yìn. "Rẹfirí, nǹkan yìí ń ta sí mi lójú." Rẹfirí gba bọ́ọ̀lù náà, ó nù ún mọ́ ara ṣòkòtò rẹ̀, ó sì jù ú padà sí Dinny.

Dinny ń sunkún. Mo rí i. Ó ń sunkún, ó sì ń jù ú.

A borí. Àwọn tó ju ìbọ̀wọ́ ìyàwó wọn ló kọ́kọ́ fo ọgbà wọlé. Wọ́n gbé ọkọ mi lé èjìká, Barney Quill di ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ mú, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí i lórí, ó sì ń ké bí ẹni rí áńgẹ́lì: "Ọkùnrin nìyí! Ẹ wá wo ọkùnrin!" Èmi náà jó. Irọ́ kò dára lẹ́nu àgbà: mo jó títí okùn síkẹ́ẹ̀tì mi fi já, tí mo dì í mú lọ́wọ́ kan tí mo fi ọwọ́ kejì mú ìbọ̀wọ́ náà nínú eruku, tí mo sì tún ń jó.

Nígbà tó fi di Tuesday, ọwọ́ náà ti wú bí búrẹ́dì, ó sì ti ń dúdú lọ sókè. Dókítà gé ìka méjì kúrò lórí tábìlì tí mo fi ń po ìyẹ̀fun. Èmi ni mo di orí rẹ̀ mú. Ológbò wa ń yí àwo tí wọ́n kó wọn sí ká, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kọrin, títí mo fi sọ bàtà lù ú.

Kápítèènì Lansing gbé apẹ̀rẹ̀ ápù wá ní ọjọ́ kejì.

"Ìlú yìí kò ní gbàgbé yín láéláé, Tierney."

"Ṣé mo ṣì wà nínú ẹgbẹ́, Kápítèènì?"

"Láéláé," Kápítèènì ní, ó mú ápù kan nínú apẹ̀rẹ̀ náà, ó ń jẹ ẹ́ lọ. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọmọkùnrin kan láti Utica ló lóṣòó sẹ́yìn igi. Èrò ti mọ orúkọ rẹ̀ kí ìpele kìíní tó parí.

Malachy jáde kúrò nílé ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó lọ sí ilé ọtí. Ó gbé ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ dì lé orí káńtà níwájú gbogbo èèyàn, ó fi ti òsì nàka sí Dinny Roach.

"Afinihàn."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ tí a ti wá, tí àwọn ọlọ́pàá ayaba tó gba ilẹ̀ wa ti ń fi ìwọ̀n wisikí kan ra ọmọ ìyá ẹni lọ́wọ́ ẹni, ọ̀rọ̀ yẹn burú ju olè lọ, ó burú ju apànìyàn lọ. Apànìyàn, ìyá rẹ̀ á ṣì gbé oúnjẹ lọ bá a lẹ́wọ̀n. Kò sí ẹni tó béèrè ẹ̀rí. Ẹni tó ń ta ọtí da bíà Dinny sílẹ̀, ó sì fọ́ kọ́ọ̀bù náà. Ní Sunday, Dinny jókòó sí ìjókòó kẹta lápá òsì bó ṣe máa ń ṣe, gbogbo àwọn tó wà lórí rẹ̀ dìde, wọ́n lọ dúró sẹ́yìn. Látìgbà náà, òun nìkan ló ń jókòó síbẹ̀, lórí àga èèyàn mẹ́jọ, bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé sí ibùdókọ̀.

Ẹ ó ní, ìwọ ńkọ́? Èmi ni mò ń lọ kọ́là. Kit kò sọ nǹkan kan, nítorí òun náà ń jí kọ́là, mo sì mọ̀. A di ara wa mú ní aṣọ ìdí.

Dinny wá sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo ń se ọ̀dùnkún.

"Delia, mo ti bá Kit Quill sọ̀rọ̀."

Mo ṣí ìkòkò, mo tún dé e.

"Sọ fún un. Ọkọ ẹ ni. Kò ní pa ẹ́."

"Ó lè lé mi jáde, Dinny."

"Èmi ńkọ́? Wọn ò tíì lé èmi?"

Mo ní oyún oṣù mẹ́fà. Mo yí ikùn náà sí i, mo fi ọwọ́ lé e bí ẹni fi ìwé àṣẹ han ọlọ́pàá. Ó wò ó pẹ́.

"Mò ń kígbe nítorí ìbọ̀wọ́ yẹn," ó ní. "Gbogbo ìgbà tí mo bá jù ú, mò ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ níwájú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn, kí wọ́n má baà gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ."

"Ọ̀dùnkún mi ń jóná," mo ní, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Wọn ò jóná. N kò tilẹ̀ tíì fi iná sí wọn dáadáa.

Ó kúrò nílùú ní August. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, a gbọ́ pé kẹ̀kẹ́ èédú tẹ̀ ẹ́ pa nínú ihò ìwakùsà ní Pennsylvania. Malachy gbọ́ ọ nídìí oúnjẹ. Ó ní kí n na iyọ̀ sí òun.

Ọdún ń gorí ọdún. Kí ọmọ wa, Rose, tó mọ ìwé kà, gbogbo ahánbọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti wọ ìbọ̀wọ́. Kápítèènì Lansing ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ń ta ìbọ̀wọ́ tó tóbi bí àwo ọbẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Malachy ń gbálẹ̀ níbi tí bàbá mi ti ń yọ́ irin, ó ń fi ìka mẹ́ta di ìgbálẹ̀. Ní Sátidé, á lọ jókòó níwájú pátápátá, á máa pariwo mọ́ àwọn ahánbọ́ọ̀lù: "Màdáámù! Ẹ kú aṣọ o, Màdáámù!" Gbogbo ènìyàn á rẹ́rìn-ín. Á gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. "Èmi ò wọ ìbọ̀wọ́ rí láyé mi!"

Barney Quill á dìde jẹ́rìí sí i. "Mo wà níbẹ̀! Ọwọ́ lásán ni!"

Wọ́n sì gbà á gbọ́, àwọn tó tú àpótí ìyàwó wọn fúnra wọn. Ìwé ìròyìn gbé e jáde. Ọwọ́ Lásán ni wọ́n ń pè é, àwọn bàbá á sì gbé ọmọ wọn wá kó fọwọ́ kan ìka mẹ́ta náà kó lè di akọni. Malachy ti sọ fún mi tipẹ́ pé kí n sun ìbọ̀wọ́ náà. Awọ bàtà ògbólógbòó ni mo sọ sínú sítóòfù, òórùn wọn kò yàtọ̀. Ìbọ̀wọ́ wà nísàlẹ̀ àwọn síkẹ́ẹ̀tì mi. Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi wà níbẹ̀, ní ibi tí Malachy kò ti wá nǹkan mọ́ láti ìgbà tí mo ti sanra.

Àyà ló mú un, ní ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé òpin ogun ńlá tó ká gbogbo ayé. Fádà ń bọ̀ wá fi òróró yàn án ní ọ̀sán, mo sì ń fọ̀ ọ́ ní àárọ̀. Mo rò pé kò yẹ kó gbé ìkórìíra Dinny lọ bá Ọlọ́run. Ẹ̀rù ba èmi náà, nítorí ara mi.

"Malachy," mo ní, "Dinny kọ́ ló sọ ọ́. Èmi ni."

Àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo rò pé ikú ti dé. Ẹ̀rín ni.

"Ìdí ọmọ tuntun," ó ní. "Obìnrin mìíràn wo ní gbogbo Troy ló máa sọ irú rẹ̀? Mo gbọ́ Barney. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ò tíì dé ọ̀dọ̀ mi tí mo ti mọ ẹnu tó ti jáde."

Kànrìnkàn bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Kí ló wá dé tó o fi ṣe Dinny bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ lo ń sebẹ̀," ó ní. "Ìwọ lo ń gbowó ilé ìfọṣọ. Tí mo bá sọ pé ìyàwó mi ló tú mi fó nítorí ọ̀rọ̀ ibùsùn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín mi títí mo fi kú. Dinny ò láya, kò lọ́mọ. Ta ló máa sunkún?" Ó mí díẹ̀. "Ẹ̀rín wọn ni mi ò lè gbà, Delia. Ìka, mo lè fi sílẹ̀."

Ó ní kí n bá òun po tíì. Mo pò ó. Ó mu ún tán, Fádà wá, ó sì kú ní ọjọ́ Tuesday.

A tẹ́ ẹ sí yàrá iwájú nínú pósí, bó ṣe yẹ: páìpù, tábà, wisikí, ẹran iyọ̀ tí mo rẹ fúnra mi. Gbogbo ìlú tò dé òpópónà, wọ́n fẹ́ fọwọ́ kan Ọwọ́ Lásán nígbà ìkẹyìn. Kápítèènì Lansing dé pẹ̀lú ọ̀pá, arúgbó tó fún bí ẹja gbígbẹ, ó mú ìwé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kà dání. Ó ka ìlà méjì: ọkùnrin tí kò gba ààbò rí, ọkùnrin tó fi ìhòòhò ọwọ́ kojú ayé. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fọwọ́ kàn án.

Mo ti wọ ìbọ̀wọ́ náà fún un. Mo fi rosárì ìyá rẹ̀ wé e, mo sì tú rírán etí rẹ̀ díẹ̀ kí orí kọ́là kan lè yọ, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ilé ìfọṣọ lára.

"Kí lèyí, Màdáámù Tierney?"

"Ìbọ̀wọ́ ni, Kápítèènì. Ẹ̀yin tó ń tà á kò dá a mọ̀? Ẹ ti dì í mú rí. Ìka méjì lẹ fi gbé e." Mo yíjú sí àwọn tó kún ilé, mo sì lo ohùn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ lórí ogójì áyọ́ọ̀nù. "Èmi ni mo rán an. Malachy wọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì dùn mọ́ ọn. Èmi ni mo tú u fó. Dinny Roach kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, Malachy sì mọ̀ láti ọjọ́ náà gan-an."

Mo gbọ́ tí Kit Quill, tí kò ní eyín kan ṣoṣo lẹ́nu mọ́, fa imú.

"Kọ́là méje," Kit ní. "Mo ka ibi tó ti dín lórí tábìlì mi!"

Barney Quill ṣí fìlà. Ó wo ojú òkú náà, ó wo ìbọ̀wọ́ náà, ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò sì lè dá a dúró. "Màdáámù," ó ní jẹ́jẹ́.

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gbé wisikí kúrò lórí tábìlì. Wọ́n di ògiri mú, wọ́n di pósí mú, àwọn tó dúró ní òpópónà bi ara wọn pé kí ló dé, wọ́n sọ fún wọn, ẹ̀rín náà sì ń tò sẹ́yìn lọ láti ilé dé ilé títí dé odò. Èmi náà rẹ́rìn-ín, títí omi fi tú sí mi lẹ́sẹ̀ níwájú Fádà, tó dé inú bàtà ọ̀fọ̀ mi. Malachy nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Rose kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó jáde, kò tíì padà wá kí mi.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, wọ́n wò mí. Mo mọ ojú yẹn. Obìnrin tó tú ọkọ rẹ̀ fó láàyè, tó tún tú u fó nínú pósí, orúkọ kan ṣoṣo ló ní láàárín àwọn èèyàn wa, ẹnì kan sì ti sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó de pósí.

Tí mo bá ti jókòó ní Máàsì, wọ́n á dìde. Mo wá lọ sí ìjókòó kẹta lápá òsì, mo na ìdí mi sórí rẹ̀ bó ṣe wù mí. Àga èèyàn mẹ́jọ ni. Èmi nìkan kún tó mẹ́ta, síbẹ̀ atẹ́gùn ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Dinny kò sanra. Ó ní láti jẹ́ pé òtútù mú un gan-an níbẹ̀.